Pọ́ǹpù tó ń dá omi padà sínú táńkì ẹja: bí ẹ ṣe lè yan èyí tí kò ní pariwo, tí kò sì ní jẹ iná jù

Pọ́ǹpù yìí kì í sinmi. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, yálà ẹ wà nílé tàbí ẹ rìnrìn àjò, iṣẹ́ ló ń ṣe. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kò sí ohun èlò mìíràn nídìí táńkì ẹja tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ yàn tó o. Èyí tó ń kùn yóò máa kùn sí yín létí fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó ń jẹ iná jù náà yóò sì máa jẹ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí.

Iṣẹ́ wo gan-an ni pọ́ǹpù yìí ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ táńkì ẹja ńlá ló ní táńkì kékeré kan nísàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e lé. Sump ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Táńkì ìsàlẹ̀ ni màá máa pè é níbí. Inú rẹ̀ ni asẹ́, ohun tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti gbogbo ohun èlò mìíràn tí a kò fẹ́ rí láàárín ẹja wa máa ń wà. Omi tó bá kún lókè á ṣàn gba páìpù wá sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, pọ́ǹpù á sì gbé e padà sókè. Pọ́ǹpù agbómipadà yìí ni wọ́n ń kọ sára páálí ní return pump.

Táńkì mi kò ní ti ìsàlẹ̀. Ṣé mo nílò rẹ̀?

Rárá. Asẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn táńkì tàbí èyí tó wà nínú ike onídèérí (canister) ti ní pọ́ǹpù tirẹ̀ nínú.

Lítà omi mélòó ló yẹ kó máa gbé ní wákàtí kan?

Ìlọ́po 3 sí 5 omi inú táńkì yín tó. Bí táńkì bá gba 400 lítà, ẹ ń wá pọ́ǹpù tí yóò gbé lítà 1,200 sí 2,000 dé òkè ní wákàtí kan. Mo ní dé òkè o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Nígbà kan rí, ìlọ́po 10 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ, nítorí pọ́ǹpù kan náà ni wọ́n fi ń gbé omi padà, òun náà ni wọ́n sì fi ń rú omi táńkì kó má baà dúró sójú kan. Ní báyìí, àwọn pọ́ǹpù kéékèèké wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì nínú táńkì òkè, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa ti omi kiri. Wọn kò gbé omi gun ibì kankan, nítorí náà iná tí wọ́n ń jẹ kéré gan-an sí ti pọ́ǹpù tó ń gun òkè. Ẹja tó fẹ́ràn omi tó ń ṣàn, tàbí iyùn inú omi iyọ̀ (ẹ̀dá òkun tí wọ́n ń pè ní coral), irú pọ́ǹpù kéékèèké yẹn ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí agbómipadà gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí wọn kì í sọ fún oníbàárà: gbogbo omi tí pọ́ǹpù bá gbé sókè ló ní láti padà wálẹ̀. Tí ẹ bá ti sáré gbé e jù, á máa wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo gbùrùgbùrù, á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, ojú omi ìsàlẹ̀ á sì máa hó. Ìdajì àròyé ariwo tí mo máa ń gbọ́, pọ́ǹpù tó tóbi ju táńkì lọ ló fà á.

Páálí sọ pé 4,000 lítà, àmọ́ omi tí mo ń rí kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n yàn mí jẹ ni?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má yàn yín jẹ. Níbi tí omi kò ti gun òkè rárá ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà yẹn: ẹnu pọ́ǹpù ṣí sílẹ̀, kò sí páìpù, kò sí ibi tó tẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gùn ni iye rẹ̀ ń dín, títí yóò fi dé gíga kan tí ẹ̀kán omi kan kò ní lè jáde mọ́. Ẹ wo ara páálí dáadáa, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì. Q max ni omi tó pọ̀ jù tó lè gbé, H max sì ni ibi gíga jù tó lè tì í dé. Méjèèjì kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí omi bá pọ̀ jù, gíga jẹ́ òdo. Nígbà tí gíga bá dé góńgó, omi jẹ́ òdo. Agbede-méjì wọn ni táńkì yín wà.

Nítorí náà, àwòrán kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó: ìlà tó tẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, tó ń fi iye omi hàn ní gíga kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìlò tàbí sára páálí. Bí mi ò bá rí ìlà yẹn, mi ò ní ra pọ́ǹpù náà, bó ti wù kó rẹwà tó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ gíga tèmi?

Ẹ mú téèpù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú omi táńkì ìsàlẹ̀ dé ojú omi táńkì òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, tàbí láti ibi tí pọ́ǹpù jókòó sí, wọ́n á sì rò pé ibi tí omi máa gùn ga ju bó ṣe wà lọ. Omi tó wà lórí pọ́ǹpù ti ń bá a ti ara rẹ̀ sókè, kò yẹ kí ẹ kà á.

Ẹ wá fi ti páìpù kún un. Omi ń fi ara gbo ògiri páìpù bó ṣe ń kọjá, gbogbo ibi tí páìpù bá sì ti ṣẹ́ igun ló ti ń pàdánù agbára. Bí páìpù bá fẹ̀ dáadáa, tí igun rẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ, èmi a máa fi ìdajì mítà kún gíga. Gíga mítà 1.2 á wá di 1.7, orí 1.7 yẹn ni màá sì ti ka ìlà inú àwòrán. Bí ìlà bá sọ pé pọ́ǹpù á gbé 1,800 lítà níbẹ̀, èyí ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú gbogbo nọ́ńbà tí ẹ máa rí.

Ṣé páìpù ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe ń rò lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti pọ́ǹpù. Ẹ gbé omi kan náà gba páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 20, kí ẹ wá gbé e gba ti mìlímítà 25. Ìdíwọ́ tí omi ń bá pàdé nínú èyí tó fẹ̀ yẹn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti èkínní lọ, nígbà tó jẹ́ pé mìlímítà 5 péré ló fi jù ú. Ẹnu tó jáde lára pọ́ǹpù lè kéré, ìyẹn kò ní kí ẹ máa bá kékeré lọ títí dé òkè. Kété tí páìpù bá ti kúrò lára pọ́ǹpù ni kí ẹ ti fẹ̀ ẹ́.

Ní ti igun, bí páìpù bá ní láti yà, igun dìgírì 45 méjì sàn ju ti dìgírì 90 kan lọ. Họ́ọ̀sì tó rọ̀, tó ya díẹ̀díẹ̀ láìká, tún sàn ju méjèèjì.

AC tàbí DC: èwo ni kí n rà?

AC ni pọ́ǹpù tó ń lo iná ògiri tààrà, inú rẹ̀ kò díjú. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀. Òòfà kan wà lára fáànù kékeré tó ń yí nínú rẹ̀, iná tó ń bọ̀ láti ara ògiri ló sì ń yí òòfà náà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tó lè jóná, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé eré kan ṣoṣo ló mọ̀. Bákan náà, iná AC ń yí padà ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà á sì máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Ohun kíkùn hùùù tó wúwo, tó máa ń gba inú kọ́bọ́ọ̀dù wá, ibẹ̀ ló ti ń wá.

DC ní àpótí kékeré kan tó ń sọ iná ògiri di iná tí fóltì (volt) rẹ̀ kéré, 24 ni ó sábà máa ń jẹ́, àti kọntirólà tó ń darí eré rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti gidi, ó máa ń yí láìgbọ̀n púpọ̀, ẹ sì lè dín eré rẹ̀ kù tàbí kí ẹ fi kún un. Ọ̀pọ̀ ló ní bọ́tìnnì tó ń dá a dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹja lè jẹun láìjẹ́ pé omi gbé oúnjẹ lọ sínú asẹ́. Òmíràn máa ń pa ara rẹ̀ bí omi bá tán lábẹ́ rẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé kọntirólà lè bàjẹ́ kí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ tó bàjẹ́.

Bí táńkì bá wà ní yàrá tí ẹ ń sùn, DC ni mo máa ní kí ẹ rà láìṣiyèméjì. Bó bá wà níbi tí èèyàn kì í pẹ́ sí, tí ẹ sì ti mọ iye omi tí ẹ fẹ́ gan-an, AC kékeré tó bá a mu rẹ́gí kò ní dójú tì yín. DC olówó pọ́ọ́kú tí wọn kò ṣe dáadáa lè pariwo ju AC àtàtà lọ. Mo ti gbọ́ ọ, ó ń han bí ẹ̀fọn létí.

Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí n ra DC tó tóbi, kí n sì máa lò ó ní eré kékeré?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó níbi tó mọ. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó, nítorí ibí ni owó iná wà.

Bí ẹ bá dín eré pọ́ǹpù kù, omi tó ń gbé ń dín kù bákan náà, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ ń já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní eré 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iná tí fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ ò rí i pé èrè ńlá nìyẹn. Ariwo náà á sì lọ sílẹ̀, torí fáànù tó rọra ń yí kò ní agbára láti gbọn gíláàsì.

Àmọ́ ibi gíga tó lè ti omi dé náà ń já wálẹ̀ kíákíá. Ẹ sọ pé H max pọ́ǹpù kan jẹ́ mítà 4. Ní eré 80, ó kù bíi mítà 2.5. Ní eré 60, ó kù nǹkan bí 1.4. Ní ìdajì eré, mítà kan péré ló kù. Bí táńkì yín bá ga ní mítà 1.2, ní ìdajì eré yẹn, omi kò ní dé òkè rárá. Pọ́ǹpù á kàn máa yí, á máa jẹ iná, omi á dúró sójú kan nínú páìpù. Nítorí náà, èyí tí ìlà rẹ̀ bá fi hàn pé ó lè fún yín ní omi tí ẹ fẹ́ ní eré 70 sí 80 ni kí ẹ rà. Ààyè á ṣẹ́kù fún un lọ́jọ́ iwájú nígbà tí inú páìpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí, kò sì ní máa fi gbogbo agbára sáré.

AC ńkọ́? Ẹ lè fi fáàfù sé ẹnu ibi tí omi ti ń jáde díẹ̀. Omi á dín, àmọ́ iná kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín. Ẹ má ṣe sé ẹnu ibi tó ti ń fa omi wọlé láéláé. Pọ́ǹpù tí ebi omi ń pa máa ń pariwo bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, á sì ba ara rẹ̀ jẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó máa ná mi ní owó iná?

Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, pọ́ǹpù yìí yóò sì ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Wáàtì kan ṣoṣo tó ń jó lọ́dún kan jẹ́ yúníìtì 8.76. Pọ́ǹpù wáàtì 60 á jẹ bíi yúníìtì 525. Ti wáàtì 25 á jẹ 219. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan ṣe ìlọ́po ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, kí ẹ tún fi iye ọdún tí ẹ fẹ́ lò ó ṣe ìlọ́po rẹ̀. Ẹ ó rí i pé èyí tó wọ́n lọ́jà lè jẹ́ èyí tó pọ́ jù lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ìṣirò kan wà tó yí ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí padà. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Láti gbé 2,000 lítà gun mítà 1.2 ní wákàtí kan, agbára tí iṣẹ́ náà fẹ́ gan-an kò tó wáàtì 7. Méje péré! Bí pọ́ǹpù kan bá wá ń jẹ wáàtì 40 fún iṣẹ́ yẹn, ibo ni 33 tó kù ń lọ? Ó ń di ooru, ó ń di gbígbọ̀n, ó ń fi ara gbo inú páìpù tó há. Nítorí náà, tí mo bá ń fi pọ́ǹpù méjì wéra, mi kì í wo wáàtì nìkan, mi kì í sì í wo lítà nìkan. Mo máa ń wo lítà mélòó ní gíga tèmi ni wáàtì kan ń gbé fún mi. Pọ́ǹpù tó bá gbé 1,800 lítà pẹ̀lú wáàtì 22 ti fakọ yọ.

Ooru tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, ṣé ó ń pa ẹja lára?

Ó lè mú omi gbóná jù níbi tí ooru ti ń mú gan-an. Inú omi ni pọ́ǹpù tó jókòó sínú táńkì ìsàlẹ̀ ń tú ooru rẹ̀ sí. Níbi tó bá tutù, ó ń ran ohun tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́. Níbi tó bá gbóná, gbogbo wáàtì tí ẹ bá dín kù jẹ́ ìtura fún ẹja àti iyùn, nítorí omi gbígbóná kì í lè gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra bíi ti omi tútù.

Inú omi ni kí n gbé e sí tàbí ìta?

Inú omi, fún ọ̀pọ̀ ilé. Omi ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó bá sì ń jò, inú táńkì náà ló ń jò sí. Ìta dára fún ẹni tí omi rẹ̀ ń gbóná jù tàbí tí ààyè há fún, àmọ́ ẹ ní láti lu ihò sára gíláàsì, kí ìdè páìpù náà sì lẹ̀ pinpin.

Wọ́n kọ dẹ́síbẹ̀lì sára páálí. Ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e?

Díẹ̀ ni. Ẹ wo bóyá wọ́n sọ ibi tí wọ́n dúró sí wọ̀n ọ́n. Bí wọn kò bá sọ pé mítà kan ni tàbí méjì, ẹ kò lè fi í wé ti ẹlòmíràn. Ẹ sì rántí pé dẹ́síbẹ̀lì kì í ṣe bíi kílò. Tí ó bá fi 10 lé sí i, ṣe ni etí máa ń gbọ́ ọ bíi pé ariwo náà di méjì. Pàtàkì jù, inú ilé tiwọn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lórí ohun tó rọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù pákó tó ṣófo nínú lè sọ pọ́ǹpù jẹ́jẹ́ di ìlù.

Mo ti ra èyí tí wọ́n ní kì í pariwo, síbẹ̀ ó ń pariwo. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó di òru, gbogbo ilé dákẹ́, mo ń gbọ́ ohùn kan tó wúwo, bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú akèrègbè. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ohùn náà kò yí padà. Mo fi ọwọ́ lé ara pákó, mo rí i pé ó ń gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pa iná pọ́ǹpù, mo rọra gbé e kúrò nílẹ̀ gíláàsì, mo so ó rọ̀ pẹ̀lú okùn tínínrín sí àárín omi, mo wá tan iná padà. Kẹ́kẹ́ pa. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, omi ń gòkè, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù lọ́jọ́ kejì tẹ́lẹ̀ ni, àṣé kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Gíláàsì tó jókòó lé àti páìpù líle tó fara kan ògiri kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé ohùn rẹ̀ kiri. Mo tẹ́ fóòmù sílíkóònù sábẹ́ rẹ̀, mo gé bí sẹ̀ǹtímítà 20 kúrò lára páìpù líle, mo sì fi họ́ọ̀sì sílíkóònù tó rọ̀ dí àlàfo náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ohùn ti ń wá kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fetí sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ kíkùn, ẹ ṣe bí mo ṣe ṣe yẹn. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ rọ́bà abẹ́ rẹ̀ wò, ó máa ń gan bó bá pẹ́, tó bá ti gan kò wúlò mọ́.

Bó bá ń ṣe ṣààà, tí hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sì ń jáde sínú táńkì òkè, pọ́ǹpù ń mu afẹ́fẹ́. Ẹ wo ojú omi táńkì ìsàlẹ̀ lórí ibi tó ti ń fa omi. Bí omi bá ń yí po níbẹ̀ bí ààjà, omi kò jìn tó. Ẹ bu omi kún un, torí omi ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, apá ibi tí pọ́ǹpù wà nínú táńkì ìsàlẹ̀ sì ni gbígbẹ náà ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Bó bá jẹ́ gbùrùgbùrù tàbí ohùn ẹni tó ń yọ́ ẹnu, páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀ ló ń ṣe é, ọwọ́ pọ́ǹpù mọ́. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń jà nínú páìpù kan náà. Ẹ dín omi kù. Bí àyè bá wà, ẹ lo páìpù méjì: ọ̀kan á ní fáàfù, á kún fún omi títí láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, èkejì á máa gbé omi díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, á sì wà nílẹ̀ bí èkínní bá dí. Páìpù tó kún fún omi pátápátá kì í sọ̀rọ̀.

Bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ẹ tú u. Ó lè jẹ́ ọ̀kọ̀tọ́ kékeré tàbí yanrìn ló wọlé, tàbí kí ọ̀pá sẹ̀rámíìkì tí fáànù ń yí lé lórí ti sán.

Bó bá jẹ́ pé àná lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sínú omi, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ yóò jáde, ojú ibi tó ń gbo ara wọn á sì dán.

Omi iyọ̀ ni mo ń lò. Ṣé ohun mìíràn wà tó yẹ kí n wò?

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún omi iyọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀rámíìkì, kí irin kankan má fara kan omi. Irin máa ń dípẹtà nínú iyọ̀, bàbà tó bá sì yòrò sínú omi lè pa edé, akàn àti iyùn.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Kí ẹ tó gbé omi sínú táńkì ni kí ẹ ti ro èyí. Nígbà tí pọ́ǹpù bá dúró, omi táńkì òkè á gba inú páìpù kan náà padà wálẹ̀, á máa fà títí afẹ́fẹ́ á fi wọ ẹnu páìpù náà. Ẹ wo táńkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 50: bí ojú omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré, lítà 18 ló ti wálẹ̀ yẹn. Ṣé ààyè lítà 18 ṣẹ́kù nínú táńkì ìsàlẹ̀ yín? Bí kò bá sí, ilẹ̀ yàrá ló ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù òkè sún mọ́ ojú omi, kí ẹ sì lu ihò kékeré kan sára rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọlé. Ẹ máa fọ ihò náà, torí ewédò á dí i. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn wà lóòótọ́, àmọ́ mi ò fọkàn tán an láìsí ihò: ìgbín kékeré kan tó bá há sí i lẹ́nu ti tó láti ṣí i sílẹ̀.

Ẹni tí iná ń lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ léraléra yóò gbádùn DC, nítorí oríṣi rẹ̀ kan lè gba iná láti ara bátìrì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe fún un, á sì rọra máa yí títí iná á fi dé.

Ààbò iná?

Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè padà wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ iná. Ẹ fi ohun tó ń gé iná lójú ẹsẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n ń kọ RCD tàbí GFCI sí lára. Ẹ yọ pọ́ǹpù kúrò lára iná pátápátá kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi.

Ilé-iṣẹ́ wo ló dára jù?

Eheim àti Tunze ti Jámánì àti Sicce ti Ítálì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ olùtajà kò jẹ mọ́ orúkọ. Ṣé mo lè rí fáànù inú rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀ rà lọ́tọ̀ bó bá bàjẹ́? Ṣé kọntirólà rẹ̀ ń tà lọ́tọ̀? Ọdún mélòó ni wọ́n fi fọwọ́ sọ̀yà? Pọ́ǹpù tí kò ní ẹ̀yà ara tó ṣeé pààrọ̀, bó ti wù kó dákẹ́ tó lónìí, ẹ ó gbé e sọnù lọ́jọ́ kan nítorí nǹkan kékeré.

Ìgbà mélòó ni kí n máa fọ̀ ọ́?

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èérí funfun tó le bí ẹfun máa ń gùn mọ́ fáànù àti ọ̀pá rẹ̀, pàápàá nínú omi iyọ̀, òun ló sì ń sọ pọ́ǹpù jẹ́jẹ́ di aláriwo tó ń jẹ iná. Ẹ tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà funfun tí ẹ fi omi là dọ́gba fún wákàtí kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Ẹ mú ọ̀pá sẹ̀rámíìkì jẹ́jẹ́, ó máa ń sán bíi tánganran. Ẹ ní pọ́ǹpù kejì nílẹ̀ bí agbára bá ká a, kékeré náà ni, kí ẹja má baà wà láìsí omi tó ń yí ká lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọ ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn tí mo bá ti so ó, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣe ohun tí mo rà á fún?

Ẹ gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ẹnu páìpù òkè, níbi gíga kan náà tí omi ti ń wọ táńkì, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Ẹ fi iye náà pín 36,000, lítà tó ń gbé ní wákàtí kan nìyẹn. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 18, 2,000 lítà lẹ ní. Ẹ bu omi kún táńkì ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà gbẹ lábẹ́ pọ́ǹpù. Ẹ tún ki pọ́ǹpù náà bọ mítà kékeré tí wọ́n ń fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí wáàtì tó ń jẹ ní tòótọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n sára bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Bí garawa tó ń kún ní ìṣẹ́jú àáyá 18 bá ti wá di 24, omi ti já sí 1,500 nìyẹn, ẹ lọ gbé fínígà.